Ìjókòó Ẹ̀yìn Kíláàsì

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. Ìyàwó mi ń lọ aṣọ ilé-ìwé Fọlákẹ́, ọmọ wa, èmi ń wá ìbọ̀sẹ̀. Ó ní, “Bàbá Fọlákẹ́, igi ò lẹ́nu, kí ló ń jẹ?” Mo ní, “Gbé ẹ̀bà fún un kó o wò ó.” Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún gbájú mọ́ aṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ̀rín yẹn ni mo ń sunkún rẹ̀ lónìí!

Ní ilé-ìwé girama tí Fọlákẹ́ ń lọ, nítòsí wa ní Èbúté Mẹ́ta, àwọn òbí ti fẹnu kò pé lójoojúmọ́, ẹnìkan nínú wa yóò máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí àwọn tíṣà tó ń pa iṣẹ́ jẹ lè máa wọlé. Ó sì ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni tiwa. Ìyàwó mi ló ń lọ. Nígbà tó yá, ó ń lọ ní Ọjọ́rú, ó ń lọ ní Ọjọ́bọ̀, ó ń bá òbí tó ni ọjọ́ náà jókòó. Ó ń kun páúdà. Bí mo bá wọlé, á sáré ti nǹkan sábẹ́ àpótí aṣọ. Kí ni ẹni tí kò parí girama ń wá ní kíláàsì? Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ tíṣà bàọ́lọ́jì, ọkùnrin gíga kan tí ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù fún mi. Mo bi ọlọ́dẹ ẹnu géètì. “Há, Ẹ̀gbọ́n, Màmá Fọlákẹ́ kì í pa kíláàsì tíṣà yẹn jẹ o!” Ó rò pé òun ń yìn ín ni. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Bí oògùn bá pọ̀ jù ńkọ́?

Ní ìpàdé òbí, mo dìde níwájú gbogbo ènìyàn: “Ẹ jọ̀ọ́, ta gan-an ni ìyàwó mi ń wá wò níbí?” Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i. Ẹnìkan fọwọ́ bo ẹ̀rín. Ìyàwó mi tún ìborùn rẹ̀ dì, ó jáde, kò sì lọ mọ́. Àwọn ìyá yòókù yọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: ta ló fẹ́ kí ọkọ òun bi òun nírú ìbéèrè yẹn?

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ ríru mú ìyàwó mi lọ lójijì. Nígbà tí mo ń kó ẹrù rẹ̀, mo rí ìwé àkọsílẹ̀ bàọ́lọ́jì kan lábẹ́ àpótí aṣọ, ìkọ̀wé rẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Mo pe Fọlákẹ́.

“Màmá fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, Dádì. Wọ́n ní ẹ máa fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Ẹ ò bi mí. Ìpàdé lẹ lọ bi.”

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tíṣà bàọ́lọ́jì náà wá kí mi kú ìrójú. Mi ò lè wo ojú rẹ̀, nǹkan kan nínú mi ṣì ń fura, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ṣé kí n padà sí gbọ̀ngàn yẹn lọ tọrọ àforíjì? Ta ni yóò bá ìyàwó mi gbà á? Fọlákẹ́ ní ìjókòó ẹ̀yìn ti ṣófo, àwọn tíṣà sì ti tún ń pẹ́ dé.

Ìwé rẹ̀ wà níwájú mi. Ní ojú ewé kìíní, ó kọ ọ́ pé: Igi ò lẹ́nu, kí ló ń jẹ? Lábẹ́ rẹ̀: Ìmọ́lẹ̀ oòrùn.