Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Tún Mi Bí

Olúgbóyèga, má wulẹ̀ dìde, má kí mi, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ bi ọ́: ta ló bí ta, èmi Tàwàkálítù àbí Jìbírílù ọmọ mi? Dá mi lóhùn! Ìwọ tí o ń bá a ṣiṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, tí o ń wá mu fùrá nílé mi ní Bulabulin, wo ojú mi dáadáa, ṣé mo jọ àbúrò Jìbírílù?

O ń rẹ́rìn-ín? Wallahi, tí o bá tún rẹ́rìn-ín, màá jókòó lé kọ̀ǹpútà yẹn lórí!

Dókítà ojú tó ń ti Kánò wá sí kílíníìkì yín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, Alàmísì yìí ló ń bọ̀. Ojú ọ̀tún mi ń ṣe bàìbàì, àná ni mo bu iyọ̀ sí tíì, mo pè é ní ṣúgà. Ó ti pẹ́ tí Jìbírílù ti fi orúkọ mi sílẹ̀ pé ìyá òṣìṣẹ́ ni mí, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan kan rí. Mo gun ọ̀kadà achaba láàárọ̀ yìí, mo débẹ̀, nọ́ọ̀sì tẹ kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó tún kọ̀ǹpútà wò, ó ní ọdún 1970 ni wọ́n bí mi, wọ́n sì bí Jìbírílù ní 1964. Ó wá ní, “Hajiya, mijinki ne?”

Ọkọ mi kẹ̀! Astagafurulai! Ọmọ tí mo bí lọ́dún tí rélùwéè dé Maiduguri, tí fèrè ọkọ̀ ń ké lọ́hùn-ún, tí èmi náà ń ké níhìn-ín!

Kò tíì tán o. Ó ní ní 2005 tí a wà yìí, ẹni ọdún márùndínlógójì ni mí, yàrá aláboyún ni kí n kọ́kọ́ lọ. Mo jókòó sáàárín wọn, wọ́n ní kí n gun òṣùwọ̀n, mo gùn ún. Ọmọdébìnrin kan wá ń bi mí pé ìgbà wo ni mo ṣe nǹkan oṣù gbẹ̀yìn. Mo ní kí fóònù alágbèéká tó dé Nàìjíríà ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀!

Hẹn? Ẹjọ́ nọ́ọ̀sì kọ́? Mo mọ̀, òun ni mo ṣe wá bá ọ. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ní Jímọ̀ tó kọjá pé ẹ ti pààrọ̀ sọ́fítíwíà àárín, èyí tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, tó ń lọ sọ ọ́ fún ti kílíníìkì, torí àwọn méjèèjì kò gbédè ara wọn. Ṣebí dílálì nìyẹn? Èmi tí mò ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Custom, àwọn tó ń kó ẹja wá láti Baga ń sọ Kanuri, n kò gbọ́ ọ, dílálì ló ń túmọ̀ fún wa.

Ẹ̀dà àtijọ́, o ní ó lọ́ra, o ní ó máa ń sùn lọ bí ọlọ́dẹ. Ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n ti bèèrè ọjọ́ ìbí mi, tí Jìbírílù fi sílẹ̀ lófìfo torí pé àwọn òbí mi kò mọ̀wé, òfìfo náà ló gbé dé kílíníìkì, kò fọwọ́ kàn án. Ọmọlúàbí ni! Ẹ̀dà tuntun dé, ó yára bí àṣá, ṣùgbọ́n kò lè rí òfìfo kó dákẹ́. Ohun tí kò mọ̀, o ní á fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970 dí i. Ta ló bi í? Dílálì tí kò mọ iye ẹja inú àpò, ṣebí á ní òun kò mọ̀ ni? Tó bá dán irú irọ́ yẹn wò ní Custom, ilẹ̀ ò ní ṣú bá a níbẹ̀. Ẹ̀yin wá gbé e sí ọ́fíìsì, ẹ tan fáànù fún un!

Ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó tún un ṣe? Haba! Ojú mi lè dúró dè yín? Fọwọ́ ara rẹ kọ ọdún mi sí i báyìí. Ogún ọdún ni bàbá mi ní mo jẹ́ nígbà tí rélùwéè dé. 1944? Kọ ọ́. Oṣù wo? Kọ oṣù Kejìlá, n kò fẹ́ kí wọ́n bí mi sínú ooru.

Ó ti wọlé? Orúkọ mi wà lára àwọn ti Alàmísì? Alhamdulilahi.

Kí wá ni orúkọ rẹpẹtẹ tó wà nísàlẹ̀ yẹn? Àwọn arúgbó mìíràn tí kò mọ ọjọ́ ìbí wọn? Gbogbo wọn, ọjọ́ kan náà? Dúró, ta lo pè? Kúbúrátù, ìyá Làtíì dírẹ́bà yín? Ìyálé mi mà ni! Obìnrin tó ń pè mí ní “ọmọdé yìí” láti ogójì ọdún, tí mò ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀! 1970, òun náà?

Gbọ́wọ́ rẹ kúrò níbẹ̀! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má tún tiẹ̀ ṣe. Kí ló fẹ́ bá dókítà ojú sọ? Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí tó fi ń ka ẹran inú ìkòkò mi! Tẹ tèmi àti tiẹ̀ síwèé fún mi, kí o lu òǹtẹ̀ sí i. Èmi 1944, òun 1970! Háà-háà-háà! Jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ ná, a ó mọ ẹni tó máa kúnlẹ̀!