Ìrọ̀rí Tí Wọ́n So Mọ́ Mi Níkùn

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n dúró nísàlẹ̀ níbí, mi ò yẹ lẹ́ni tó ń gun pẹpẹ. Èmi ni Arákùnrin Dáre, tó ń kọ eré tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ máa ń ṣe ní Ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn ọdún, èyí tá a fi ń sín ara wa jẹ. Ẹ fẹ́ràn ẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ ìparí ọdún, lọ́sàn-án, mo gbàdúrà tán, mo mú ìwé kí n kọ eré tọdún yìí. Àwọn olórin, àwọn onífíìmù àtàwọn adẹ́rìn-ínpòṣónú ni mo fẹ́ bú, nítorí inú ń bí mi sí wọn. Ọdún tó ń lọ yìí, orin wo la gbọ́ tí kì í ṣe oríkì oníjìbìtì? Fíìmù wo la wò tí wọn ò ti fi ọmọ ọlọ́mọ ṣoògùn owó? Ẹ̀rín wo la rín lórí fóònù tí kì í ṣe pé wọ́n ti arúgbó ṣubú lójú títì? Mi ò tíì kọ ìlà mẹ́ta tí oorun fi gbé mi lọ.

Ọkùnrin kan dúró tì mí, ó wọ funfun, ó gbé ọ̀já kọ́ èjìká bí àwọn tó ń fi èèyàn jókòó nínú ìjọ wa. Ó ní, "Dáre, o fẹ́ yẹ ọdún wò. Dìde, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó mú mi dé ibi tó gbóná, tí n ò lè sọ bó ṣe gbóná tó. Mo rí àwọn olórin. Olè tí kálukú wọn kì ló jókòó sí wọn léjìká, wọ́n ń kọrin, ohùn ò jáde, olè náà sì ń jágbe pé, "Tún mi kì! Tún mi kì!" Olùdarí mi ní, "Ẹni tí wọ́n gbé ga láyé ni wọ́n ń rù."

Mo rí àwọn onífíìmù lórí bẹ́ǹṣì, ìpéǹpéjú wọn ò ṣeé pa dé. Fíìmù ara wọn ni wọ́n ń wò, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń pa níbẹ̀, ọmọ tiwọn ni. "Ọ̀dọ́ kan wò ó láyé, ó lọ dán an wò," ni olùdarí mi wí.

Àwọn adẹ́rìn-ínpòṣónú ń ṣubú lórí òkúta, wọ́n ń dìde, wọ́n tún ń ṣubú, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnì kan ṣáà rẹ́rìn-ín kí ìyà náà lè dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó rín.

Kí n má purọ́ fún yín nínú ilé Ọlọ́run: inú mi dùn. Mo ní, "Ó tọ́ sí wọn! Ẹ túbọ̀ fi kún un!" Olùdarí mi nawọ́ sí aṣọ ìkélé búlúù kan. Mo wo òwú funfun tí wọ́n fi ṣẹ́ ẹ létí, mo dá a mọ̀. Aṣọ ìkélé ìjọ wa ni, èyí tí Arábìnrin Mojísọ́lá, tó ń rán ẹ̀wù àwọn akọrin, rán fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ rántí eré èṣí. Arábìnrin yìí ti dúpẹ́ oyún níwájú gbogbo wa, a sì mọ̀ pé oyún náà ò dúró. Èmi ni mo wọ búbá, mo ki ìrọ̀rí sábẹ́ ẹ̀, mo fi ìrìn ẹ̀ rìn wá síwájú pẹpẹ, mo jẹ́ kí ìrọ̀rí já bọ́, mo wá ní, "Ó tún dàmọ́dún! Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀bùn ìdúpẹ́!" Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ó rọra dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde, kò sì wá mọ́.

Aṣọ ìkélé ṣí, wọ́n dì mí mú, wọ́n mú ìrọ̀rí yẹn, òun gan-an, wọ́n so ó mọ́ mi níkùn, ó wúwo bí ọlọ, mo ń rìn ó ń fà mí, mo ṣubú, mo dìde, mo ń ké pé ẹ tú u, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tú u, iná ń sọ, mo gbọ́ ẹ̀rín, ẹ̀rín yín ni, mo dá ohùn yín mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan!

Olùdarí mi fà mí jáde, ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà ibì kan tó tutù, tí àwọn olóòótọ́ ti ń sinmi. Mo rí ìyá mi tó ti kú, ó ń fi ẹsẹ̀ tí làkúrègbé bà jẹ́ láyé jó. Mo sáré sí i, ìrọ̀rí ò gba ẹnu ọ̀nà. Mo bẹ olùdarí mi. Ó ní, "Mi ò lè tú u. Ọwọ́ ẹni tó o ṣẹ̀ ló wà. Lọ bá a kí ọdún yìí tó parí." Bí mo ṣe jí nìyẹn, ọwọ́ mi méjèèjì wà níkùn.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ sílé Arábìnrin Mojísọ́lá. Mo dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀, mo ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ń ránṣọ, kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. Ó ní, "Dáre, dìde. Gbangba lo ti fi mí ṣẹ̀sín, o wá ń bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀? Ṣé ìwọ nìkan ló sì rẹ́rìn-ín ni?"

Nítorí náà, eré kankan ò sí lónìí. Ọ̀bẹ mi mú sí àwọn olórin àtàwọn onífíìmù, kò gbẹ́ èèkù ara ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bú wọn bíi tèmi: tiwa burú ju tiwọn lọ, iwájú pẹpẹ la ti ṣe é. Mo bẹ Arábìnrin Mojísọ́lá kó wá, ó sì wá. Òun ló jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Mojísọ́lá, mo dọ̀bálẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin ará, ìrọ̀rí wà níkùn gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí n dá nìkan dọ̀bálẹ̀.