Pọ́ǹpù Oníná Inú Pijó Bàbá

[Àwọn tó ń sọ̀rọ̀: BÀBÁ Adégbọlá, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, lẹ́bàá títì ní Apo, RẸ̀MÍ, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe ní Mpape.]

[Fóònù dún. Wọ́n gbé e.]

RẸ̀MÍ: Hẹ́lò? Bàámi, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú—

BÀBÁ: Káàárọ̀ o, Rẹ̀mí. Ṣé dáadáa lo jí? Iṣẹ́ ńkọ́?

RẸ̀MÍ: A dúpẹ́, sà. Ṣé ẹ ti dé Garki? Ṣé ìpàdé àwọn ará Kàbbà ti—

BÀBÁ: À ń lọ, à ń lọ. Mo kàn ní kí n gbọ́ ohùn ẹ ni.

RẸ̀MÍ: Ohùn mi? Bàámi, kí ló ń dún ṣíìì lẹ́yìn yín yẹn?

BÀBÁ: Àwọn tó ń din mása ni. Mo yà ní Apo, mo rà díẹ̀. Ó gbóná dáadáa.

RẸ̀MÍ: Mása kì í dún báyẹn.

BÀBÁ: Òróró wọn ló pọ̀.

RẸ̀MÍ: Bàámi.

BÀBÁ: Hẹn?

RẸ̀MÍ: Ṣé mọ́tò ló ń hó?

[Ọkọ̀ kan fun họ́ọ̀nù kọjá.]

BÀBÁ: Kò hó púpọ̀.

RẸ̀MÍ: Yéè! Kí ni gauge ìgbóná wí kí ẹ tó páàkì?

BÀBÁ: Kò kọjá àárín. Láti Kabusa títí dé ibí, jẹ́jẹ́ ló ń lọ. Mo ti ń yin pọ́ǹpù tó o fi sí i yẹn nínú ọkàn mi. Ìgbà tí mo pa mọ́tò ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

RẸ̀MÍ: Wàhálà báwo?

BÀBÁ: Mo yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì kú, pọ́ǹpù ò kú. Ó ń hùn! Mo ní, kí lèyí? Ṣé ó fẹ́ mu bátìrì mi gbẹ ni?

RẸ̀MÍ: Bàámi, ẹ ò fọwọ́ kan—

BÀBÁ: Ohun tí mo máa ń ṣe náà ni mo ṣe. Mo yọ orí bátìrì.

RẸ̀MÍ: Ẹ yọ kí ni? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ yọ kí ni?

BÀBÁ: Orí bátìrì! Ṣé òní ni mo bẹ̀rẹ̀ ni? Láti ìgbà tí wọ́n ti ń jí Pijó ní Garki bí ẹni ń ká ọsàn, mi ò páàkì rí kí n má yọ ọ́. Ìwọ fúnra ẹ lo máa ń bá mi di sípánà mú.

RẸ̀MÍ: Mo gbàgbé. Olúwa ò, mo gbàgbé pátápátá.

BÀBÁ: Kí lo gbàgbé?

RẸ̀MÍ: Bàámi, pọ́ǹpù àtijọ́, bẹ́líìtì ló ń yí i. Tí ẹ́ńjìnì bá ti kú, òun náà kú. Tuntun yìí, iná bátìrì ló ń lò. Tí ẹ bá pa mọ́tò, ó ṣì máa ń da omi yí ká títí ẹ́ńjìnì á fi tutù. Hùn tí ẹ gbọ́ yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe! Ẹ wá gba iná lẹ́nu ẹ̀, omi dúró sójú kan, ó sì hó.

BÀBÁ: O ò sọ fún mi.

RẸ̀MÍ: Mi ò sọ. Ó yẹ kí n sọ ọ́.

[Irin ń ró.]

RẸ̀MÍ: Kí lẹ ń ṣe báyìí?

BÀBÁ: Mo ti fi àkísà di ìdérí rẹdíátọ̀ mú. Kí n tú u díẹ̀, kí atẹ́gùn—

RẸ̀MÍ: Ẹ fi í sílẹ̀! Ẹ má ṣí i o! Á bó yín lójú! Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ gbọ́—

BÀBÁ: Ohùn ẹ ń já. Ṣé o gbọ́ mi? O ní kí n ṣí i?

RẸ̀MÍ: Ẹ MÁ ṢÍ I!

BÀBÁ: Hà! Má pariwo mọ́ mi. Mo ti gbé ọwọ́ kúrò.

OHÙN ỌKÙNRIN KAN: Sànnu, Baba! Ga ruwa.

BÀBÁ: Yauwa, yauwa. Rẹ̀mí, ọmọ Háúsá kan ti gbé garawa omi tútù wá. Ṣé kó dà á lé e lórí?

RẸ̀MÍ: Rárá o! Irin tó gbóná báyẹn, á là sí méjì. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó gbé e sílẹ̀. Ẹ dá orí bátìrì padà. Ẹ má stáàtì o, ẹ kàn dá a padà.

[Sípánà ń dún. Ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í hùn.]

BÀBÁ: Ó ti ń hùn.

RẸ̀MÍ: Ọpẹ́ o. Ẹ jẹ́ kó máa hùn. Ẹ máa jẹ mása yín. Ẹ ò sáà pe ẹlòmíì?

BÀBÁ: Mo pe ẹ̀gbọ́n ẹ kí n tó pè ẹ́.

RẸ̀MÍ: Bọ̀dá Káyọ̀dé? Bàámi!

BÀBÁ: Ẹ̀rù bà mí, Rẹ̀mí. Èéfín bò mí lójú, Garki ló sì ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sún mọ́ mi. Ó ti wà lọ́nà.

RẸ̀MÍ: Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ bá wọn sọ lójú Mọ́mì?

BÀBÁ: Mo rántí. Mo ní bí ọwọ́ mi bá tún ba mọ́tò yìí jẹ́ lójú títì, màá kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, mi ò sì ní wakọ̀ mọ́.

RẸ̀MÍ: Ó dáa, ẹ jẹ́ ká yára. Tó bá ti tutù, ẹ stáàtì, ẹ máa lọ. Kí wọ́n dé bẹ̀ kí wọ́n má bá yín.

BÀBÁ: Kí n sá fún ọmọ tí mo bí?

RẸ̀MÍ: Ẹ kúkú sọ pé pọ́ǹpù ni. Ẹ ní èyí tí Rẹ̀mí fi sí i ò dáa. Kì í ṣe ọwọ́ yín nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ á ṣì wà lọ́dọ̀ yín.

BÀBÁ: Ọ̀gá Káyọ̀dé níbi iṣẹ́, tó fẹ́ gbé mọ́tò ọ̀bọ̀kún àtijọ́ ẹ̀ wá, kí o bá a fi irú pọ́ǹpù yìí sí i ńkọ́?

RẸ̀MÍ: Ẹ jẹ́ kó lọ.

BÀBÁ: Oníbàárà gidi àkọ́kọ́ látìgbà tó o ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀? Tí gbogbo ilé ń pè ẹ́ ní wèrè?

RẸ̀MÍ: Mo ní ẹ jẹ́ kó lọ! Bàámi, láìsí mọ́tò yẹn, ẹ ò ní kúrò ní Kabusa mọ́. Ẹ ò ní lọ ìpàdé, ẹ ò ní rí ọ̀rẹ́. Ẹ óò kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ dalẹ́. Mi ò lè wò yín bẹ́ẹ̀. Mi ò lè wò ó.

[Híhùn náà dáwọ́ dúró.]

BÀBÁ: Rẹ̀mí! Ó ti kú! Ṣé o gbọ́ mi? Ó ti kú!

RẸ̀MÍ: Kò kú, sà. Ó ti tutù ló fi dákẹ́. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, ẹ wo gauge.

BÀBÁ: Ó ti wálẹ̀. Hẹ̀ẹ́n! Ó mà ti wálẹ̀ pátápátá.

RẸ̀MÍ: Ẹ wá ṣí ìdérí yẹn jẹ́jẹ́, ẹ bu omi kún un. Ẹ stáàtì.

[Omi ń dà. Ẹ́ńjìnì gbà lẹ́ẹ̀kan náà.]

BÀBÁ: Iṣẹ́ yìí dára, Rẹ̀mí. Ọmọ mi mọṣẹ́.

RẸ̀MÍ: Ẹ ṣeun sà. Ẹ máa lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa—

[Ilẹ̀kùn táásì pa dé. Ẹsẹ̀ ń bọ̀ kíákíá.]

KÁYỌ̀DÉ: Bàámi, ẹ kú ewu o! Ṣebí mo sọ ọ́? Ẹ̀rọ tí Rẹ̀mí lọ so mọ́ mọ́tò ló fa—

RẸ̀MÍ: Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni! Bàámi, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BÀBÁ: Mo gbọ́ ẹ. Káyọ̀dé, wá gbọ́ bí ẹ́ńjìnì yìí ṣe ń dún.

KÁYỌ̀DÉ: Mo ń gbọ́, sà. Ó fine. Kí ló wá dá yín dúró?

RẸ̀MÍ: Ẹ jọ̀ọ́, Bàámi—

BÀBÁ: Àfọwọ́fà ni. Èmi ni mo yọ orí bátìrì nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ àbúrò ẹ ò ní àbùkù kankan. Bá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá ẹ.

[Ẹ́ńjìnì ń dún jẹ́jẹ́.]

KÁYỌ̀DÉ: Bàámi, ẹ mọ ohun tí ìyẹn—

BÀBÁ: Mo mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi náà ni mo fi sọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ẹ̀, bọ́ sídìí sítíárìn. Wà mí lọ sí ìpàdé, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Èmi á jókòó lápá ibí.

RẸ̀MÍ: Bọ̀dá mi, ẹ má jókòó síbẹ̀! Bàámi! Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ—

[Ilẹ̀kùn Pijó pa dé lápá ọ̀tún, èkejì pa dé lápá òsì. Ìpè já.]