Ìkọ́ Kiréènì Tó Tẹ̀ Lé Mi Wọ Yàrá

Ẹ bá mi fi ariwo gbé Jésù ga! Háà, kò dún tó. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ṣé ebi ń pa yín ni? Ẹ tún un ṣe! Ẹ ṣeun. Olúwa, o ṣeun, o ṣeun, o ṣeun.

Mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀ tún dé." Òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti jẹ́rìí nínú ìjọ yìí pé Ọlọ́run wò mí sàn. Lẹ́ẹ̀kíní, mo ní ẹrù tó já lù wá ní wọ́ọ̀fù Àpápá tóbi tó ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní ọwọ́ òsì ni mo fi gbá a mú. Lẹ́ẹ̀kẹta, áńgẹ́lì méje ló bá mi gbé e. Ẹ jó, ẹ pàtẹ́wọ́. Mo délé, ara mi ò yá rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà fún mi. Ti òní nìkan ni kí ẹ mú dání.

Bó ṣe rí gan-an nìyí. A máa ń já ẹrù nínú ọkọ̀ òkun. Nínú gáàngì wa, ẹni tó bá pẹ́ dé ló máa dúró sábẹ́ kiréènì láti tú ìkọ́ kúrò lára ẹrù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ibẹ̀. Làmídì ọ̀rẹ́ mi kì í pẹ́. Èmi ni mo máa ń pẹ́. Lọ́jọ́ náà, mo tún pẹ́. Mo wá parọ́ pé ejò bù mí ṣán lọ́jà Boundary, mo ń tiro wọlé. Làmídì wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Lọ jókòó, jàre. Màá bá ẹ dúró níbẹ̀."

Kò pẹ́, okùn wáyà já. Àpò sìmẹ́ńtì bo ọ̀rẹ́ mi mọ́lẹ̀. Èmi jókòó, mò ń wò ó.

Ibẹ̀ ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ti wọ yàrá wa ní Ajégúnlẹ̀, màá rí ìkọ́ kiréènì lókè orí mi. Tí ọkọ̀ òkun bá fun fèrè, màá dojú bolẹ̀. Ìta ni mò ń jẹun, ìta ni mò ń sùn. Àwọn ẹ̀fọn àdúgbò mọ orúkọ mi, wọ́n fi ń kí mi.

Mo lọ rí dókítà. Ó gbọ́ àyà mi, ó ní, "Bàbá, kò sí nǹkan tó ń ṣe yín. Ẹ lọ sinmi." Sinmi níbo? Lábẹ́ òrùlé wo? Ọ̀gá wa ní wọ́ọ̀fù ní, "Baba, you be man! Shake body!" Mo gbọn ara títí, díẹ̀ ló kù kí eyín mi jábọ́. Ẹ̀yin ará ìjọ náà, ẹ má bínú, ẹ ní ẹ̀mí òkú ló ń dà mí láàmú, ẹ mú mi gbààwẹ̀ títí ṣòkòtò mi fi ń já bọ́. Ó sú mi! Gbogbo ayé ní kí n gbàgbé. Tí wọ́n bá ń ta ìgbàgbé lọ́jà Boundary, ṣé mi ò ní rà á?

Ìyàwó mi wá ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń dá sùn bí opó. Tí oṣù méjì bá pé tí ẹ ò wọlé, èmi àtàwọn ọmọ ń lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú." Kò pariwo. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí.

Òun náà ló mú mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà kan tó máa ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀. Mo ní, "Mi ò ya wèrè o!"

Ó ní, "Ta ló pè yín ní wèrè? Ọkàn yín ló fara gbọgbẹ́." Ó ní ọgbẹ́ ọkàn kì í ṣe oríṣi kan. Òmíràn ń dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbàgà, bí ẹrù tó já. Òmíràn ń kán tó, tó, tó, fún ọ̀pọ̀ ọdún, bíi ti obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù, tàbí ọmọ tí wọ́n ń bú láti kékeré. Òmíràn ò kan ara èèyàn rárá, ojú lèèyàn fi rí i. Ó ní, "Ẹ kì í ṣe ojo, Bàbá. Ara yín ló rò pé ẹrù yẹn ṣì ń já bọ̀."

Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, kí n máa fi ẹsẹ̀ kan wọlé lójúmọ́. Ó wá ní kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀: "Ẹrù náà tóbi tó..." Ó ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Níbo lẹ̀yin wà?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ń sọ áńgẹ́lì fún un. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo sọ ọ̀rọ̀ ejò. Mi ò ní bù mọ́ èyí: mo sunkún.

Ó ní, "Ta ló yẹ kó gbọ́ ọ?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá Sàúdá, opó Làmídì ni. Látìgbà tí a ti sin ọkọ rẹ̀ ni mo ti ń sá fún un. Mo lọ bá a nílé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Àyè mi ni Làmídì wà. Irọ́ ni mo pa fún un."

Ó pòṣé. Ó gùn! "Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ rò pé ọkọ mi gba ejò yín gbọ́? Ta ló gbà yín gbọ́ rí ní gbogbo Àpápá? Irọ́ yín ló máa ń kó wálé láti fi pa wá lẹ́rìn-ín. Ó mọ̀, ó ṣì bá yín dúró. Àmọ́ ọdún mẹ́ta! Ẹ ò yọjú sáwọn ọmọ ọ̀rẹ́ yín. Ìyẹn ni mi ò tíì dárí rẹ̀ jì yín." Ó ti àwo sí mi. "Ẹ jókòó, ẹ bá mi ṣa ẹ̀wà."

Mo ṣà á dé ìdajì kí n tó rántí wòkè. Páànù lásán ni, kò sí ìkọ́ kankan níbẹ̀.

Ẹ bá mi dúpẹ́! Kò tíì tán pátápátá o. Fèrè ọkọ̀ ṣì máa ń mú mi ta gìrì. Àmọ́ ìwọ tí wọ́n ní kó o gbé tìẹ mì, má gbé e mì. Gbààwẹ̀ rẹ, kó o tún wá ẹni tó máa jókòó gbọ́ ọ, kó o sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Olúwa tó gbọ́ tèmi ò dití sí tìẹ.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí mo ti ń sùn sínú yàrá wa. Ìyàwó mi ní mò ń hanrun, òun ò rí oorun sùn mọ́. Ẹ fi ìyìn fún Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kó máa ráhùn!