Ọkọ Mi Jẹ́rìí Ìwòsàn, Àìsàn Ò Sì Lọ

Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín. Èmi ò sunkún, n ò sì rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ṣe ni mo kàn wà. Mo ń jí, mo ń wẹ̀, mo ń wọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, mo ń padà wá dáná fún Ṣọlá, ọmọ wa kan ṣoṣo. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ní ká kọrin, mo ń kọ ọ́. Bí wọ́n bá ní ká pàtẹ́wọ́, mo ń pa á. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Àwọn ará ìjọ sì wá ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ! Wọ́n ní mo ti dàgbà nínú ẹ̀mí, pé opó mìíràn ì bá ṣì máa yí mọ́lẹ̀. Pásítọ̀ wa ti ní kí n múra, pé èmi ni màá jẹ́rìí lọ́jọ́ ìsìn ọpẹ́ tó ń bọ̀ yìí, kí àwọn ẹni tuntun lè mọ bí onígbàgbọ́ tó dàgbà ṣe ń gba ìdánwò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ilé ìmàle ni wọ́n bí mi sí. Àlájà ni gbogbo Ọjà Olúwo ń pe màámi, ẹja yíyan ni wọ́n ń tà. Ọkọ ló mú mi dé ṣọ́ọ̀ṣì, màámi ò sì bá mi jà. Wọ́n ní kí n ṣáà máa gbàdúrà. Níbi ẹ̀kọ́ àwọn ẹni tuntun ni mo ti gbọ́ pé ọmọ Ọlọ́run kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn. Bí orí bá ń fọ́ ọ, o ò gbọdọ̀ sọ pé orí ń fọ́ ọ. Wàá ní ara rẹ le ni. Ẹni tó bá ń ráhùn ìrora, ọmọ ọwọ́ ni nínú ẹ̀mí, wàrà ló ṣì ń mu. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ọmọ ọwọ́?

Nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, dókítà ní kíndìnrín ni. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó jìnnà sí iyọ̀. Ìjọ gbàdúrà, àwa náà gbààwẹ̀, lóòótọ́ ni wíwú ẹsẹ̀ ọ̀hún sì lọ sílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an ló gba máìkì, ó jẹ́rìí pé àìsàn ti lọ pátápátá, ó ń fò sókè níwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ ń pariwo halelúyà. Mo jó débi pé bàtà mi kan bọ́ sílẹ̀, n ò mọ̀. Kò pẹ́ ni ẹsẹ̀ tún wú. Ẹyin sì lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ta ni yóò padà síwájú pẹpẹ lọ sọ pé àìsàn tí Ọlọ́run gbé lọ ti padà dé? Ọkọ mi ní, "Màmá Ṣọlá, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ o. Àwọn kan ti gba Jésù nítorí ẹ̀rí mi." Mo ṣèlérí fún un.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ eré nìyẹn. Ó lọ ra bàtà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò padà sílé ìwòsàn mọ́, nítorí nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Oògùn tí wọ́n kọ fún un lákọ̀ọ́kọ́ náà ló ṣáà ń rà ní kẹ́mísì. Bí àwọn ará bá ń bọ̀ wá kí wa, á ti wọ kóòtù tó fi ń lọ síṣẹ́, á ti jókòó kí wọ́n tó dé, á ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ tábìlì. "Bàbá Ṣọlá, ara ńkọ́?" "Ó le koko nínú Olúwa!" Wọ́n á ní kó gbàdúrà fún aláìsàn mìíràn, á sì gbà á. Lọ́jọ́ kan níbi ìpàdé àdúrà, wọ́n gbé ìrẹsì fún un, iyọ̀ inú rẹ̀ ò kéré. Bó bá kọ̀ ọ́, wọ́n á bi í léèrè. Ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́. Èmi ń wo ògiri. Ìjọ tó máa ń gbé oúnjẹ lọ bá aláìsàn, tó máa ń bá wọn fọṣọ, kò sẹ́ni tó wá sọ́dọ̀ wa, ṣebí ara ọkọ mi ti yá. Kó tó kú rárá ni nǹkan kan ti kú nínú mi.

Nígbà tí kò lè wọ bàtà kankan mọ́, Ẹ̀pẹ́ la gbà lọ, sọ́dọ̀ màámi. A sọ fún ìjọ pé ìsinmi ló gbà lẹ́nu iṣẹ́. Bá a ṣe wọlé, màámi wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbé e lé itan wọn. Òórùn ẹja ṣì wà lọ́wọ́ wọn. "Ọkọ mi, ṣé ó ń dùn ọ́?"

Ó yà mí lẹ́nu, nítorí èmi ò bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ mi wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó ń dùn mí, Ìyá. Ó ń dùn mí gan-an." Ló bá bú sẹ́kún. Màámi ní, "Sọ ọ́ jàre. Ọlọ́hun kì í bínú sẹ́ni tó ń kérora." Àwọn aládùúgbò ń wá kí i, wọ́n ń tọrọ àlàáfíà fún un, ó sì ń fi ibi tó ń dùn ún han ẹni tó bá bi í. Àdúrà tó ń gbà lórí ẹní níbẹ̀, jẹ́jẹ́ ni. Kò pariwo, kò pàṣẹ. N ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Dókítà tí a lọ bá ní Ẹ̀pẹ́ ní a ti pẹ́ jù. Ibẹ̀ ló kú sí.

Nígbà tí mo padà sí Ìkòròdú, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ lẹ́yìn mi pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ọkọ mi dá tó fi sọ ìwòsàn rẹ̀ nù. N ò dáhùn. Ìyẹn náà, wọ́n ní ìdàgbàsókè ẹ̀mí ni. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọkùnrin kan tún jáde wá jẹ́rìí pé àìsàn òun ti lọ. Mo rí bó ṣe di etí pẹpẹ mú kó má baà ṣubú. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn dáadáa.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ òtítọ́ lọ́jọ́ ìsìn ọpẹ́, mo ba ẹ̀rí ọkọ mi jẹ́, mo sì da ìlérí tí mo ṣe fún un. Bí mo bá dákẹ́, ìyàwó ọkùnrin yẹn náà á máa wo ògiri nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ń jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ. Lójú tèmi, orí ẹní màámi ni ọkọ mi ti dàgbà nínú ẹ̀mí, kì í ṣe níwájú pẹpẹ. Èmi ńkọ́? Màámi pè mí lórí fóònù lánàá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ó ń dùn ọ́?" Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn: "Ara mi le, Màámi." Wọn ò gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ṣáà ń dúró dè mí, títí owó inú rẹ̀ fi tán.