Mo Ta Kíndìnrín Àbúrò Mi

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Inú túbú ni mo wà báyìí, mò ń dúró de ọjọ́ tí wọn yóò yẹgi fún mi. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ṣàánú mi. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tí mo gbà dé ibí.

Ọmọ Emùré-Èkìtì ni mí. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wáṣẹ́ ìjọba kiri ní Adó, èmi ń wa mọ́tò fún dókítà kan tó ní ọsibítù tirẹ̀ ní Èkó. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó pè mí lọ́jọ́ kan.

“Olówó kan ń wá kíndìnrín. Ṣé o lè rí ẹni tó máa ta ọ̀kan nínú tiẹ̀ nílùú yín?”

“Ṣé kò ní kú, sà?”

“Ọ̀kan tó èèyàn lò. Àmọ́ má bá a sọ̀rọ̀ ewu o, ẹ̀rù á bà á.”

Ó dárúkọ iye tí èmi náà máa gbà, mo sì gbà. Mo fi ọ̀rọ̀ ewu pa mọ́ fún Jídé, bíríkìlà kan ní Ìkẹ́rẹ́, ó sì gbà láti tà á. Ó padà sílé láàyè, ṣùgbọ́n kò lè gbé búlọ́ọ̀kù mọ́. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ní, “O mọ̀ pé ó lè rí báyìí, o ò sọ fún mi.”

Mo ní, “Ṣé wọn ò sanwó fún ọ ni?”

Lójú mi nígbà yẹn, ẹni tó bá ti gbowó kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí dókítà tún fẹ́ ẹlòmíràn, mi ò fẹ́ ẹni tí yóò tún bi mí ní ìbéèrè. Mo rántí Fẹ́mi, ọmọ àbúrò ìyá mi. Àgbẹ̀ ni, ìpá ń dà á láàmú, kò sì lówó iṣẹ́ abẹ. Mo ní ọ̀gá mi máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ̀ gbàdúrà fún mi títí, ó tún di iṣu sínú mọ́tò fún dókítà.

Wọ́n ṣe ìpá náà lóòótọ́, wọ́n sì yọ kíndìnrín rẹ̀ kan láìjẹ́ kó mọ̀. Dókítà san owó tèmi fún mi. Nígbà tó ta jí, ó fọwọ́ kan ìhà rẹ̀.

“Bùrọ̀dá, abẹ́ ikùn ni ìpá mi wà. Kí ni wọ́n gé níhìn-ín?”

“Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.”

Mo gbé e padà sílé. Kò pẹ́, ara rẹ̀ wú, kò rí ìtọ̀ tọ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí kí n gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Àkúrẹ́. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá rí ojú abẹ yẹn níbẹ̀, ó tán fún mi. Mo ní kí ìyá rẹ̀ dúró sílé. Bí èmi àti Fẹ́mi ṣe kọjá Ìkẹ́rẹ́, mo yà sínú oko kòkó kan, mo pa mọ́tò.

“Bùrọ̀dá, ọsibítù lẹ ní ẹ ń gbé mi lọ.”

“Sinmi ná.”

Ó ti yé e. Ó ní, “Ẹ gbé mi padà sí ulé. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Mo fi aṣọ ìbora rẹ̀ bò ó lẹ́nu àti nímú. Ó di ọwọ́ mi mú, ṣùgbọ́n kò lágbára tí yóò fi tì í kúrò.

Mo gbé òkú rẹ̀ padà, mo ní ojú ọ̀nà ló kú sí. Ìyá rẹ̀ ní òun fúnra òun ni yóò wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó rí ojú abẹ ní ìhà rẹ̀, ó pè mí wọlé.

“Kí lo gbà lọ́wọ́ wọn lórí ọmọ mi?”

Ó fi aṣọ bo Fẹ́mi, ó jáde, ó ní kí wọ́n lọ pe ọlọ́pàá. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá, títí kan ohun tí mo ṣe nínú oko kòkó. Kí wọ́n tó dé Èkó, dókítà ti sá lọ sí òkè òkun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú èèyàn wá, tó sì ní kí ẹ má sọ gbogbo òótọ́ fún un, ẹ kọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró gbọ́ iye tí yóò san. Èmi dúró gbọ́. Fẹ́mi nìkan ni ìyá rẹ̀ bí.