Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Ògiri Ihò Ìlà-Oòrùn

N kò ní rí oṣù tó ń bọ̀, dókítà ti sọ fún mi. Nítorí náà mo gbọ́dọ̀ sọ èyí lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá dé akoto láti ya fọ́tò nínú ibi ìwakùsà tí èédú ti tán, irọ́ ni àkọlé tí ẹ ń kà lára ògiri ihò ìlà-oòrùn. Ó ní iná sọ níbẹ̀, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ ọ́.

Èmi ni akọ̀wé ẹnu ọ̀nà nígbà náà. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní idẹ pẹlẹbẹ lórí pátákó mi, tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lójú kan. Bí ó bá wọlẹ̀, n óò dojú nọ́ńbà náà dé. Bí ó bá jáde, n óò yí i síta. Ẹni tí mo bá fojú ara mi rí nìkan ni mo gbọ́dọ̀ yí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti kù díẹ̀ kó parí, gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń yí lẹ́ẹ̀kan náà, kí n lè tètè dé balùwẹ̀ kí omi gbígbóná tó tán. Omi ìwẹ̀ lásán ni o.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí iná sọ, mo ti yí gbogbo wọn síta. Máníjà sáré dé.

“Akọ̀wé, ṣé gbogbo wọn ti jáde?”

“Gbogbo wọn ni, sà.”

Ó wo pátákó, ó ní kí a mọ ihò náà pa kí iná má baà tàn kálẹ̀. Èmi ni mo gbé fìtílà fún bíríkìlà. Ògiri ti dé àyà wa nígbà tó dá ọwọ́ dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́. Ẹnìkan ń lu páìpù.”

Mo gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta. Káfíńtà tó ń fi igi ti òrùlé ihò ló máa ń lù ú bẹ́ẹ̀ bí ó bá ń pè wá. Bí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ mi.

“Ooru ló ń mú kó dún. Ṣé o ò rí pátákó ni? Máa mọ ọ́n lọ.”

“Ẹ̀yin lẹ kàwé o,” ló wí, ó sì gbé bíríkì mìíràn.

A parí ògiri náà, lílù náà kò tíì dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó káfíńtà wá bá mi. “Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, bàbá àwọn ọmọ mi ò wálé.”

Mo fi nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ hàn án. “Ìyàwó wa, ó ti jáde. Wá a lọ síbòmíràn.”

Aráàlú ní ọkọ rẹ̀ bá obìnrin mìíràn lọ. “Ìyáalé,” ni wọ́n ń pè é, “ṣé wọ́n ti kọ̀wé sí yín láti ilé ìyàwó tuntun?” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti darúgbó báyìí. Òun ló ń gbá ihò náà, tó ń nu ògiri náà fún àwọn àlejò. Mo máa ń kí i pé ó kú iṣẹ́.

Ìyá, ọkọ yín kò kọ̀ yín sílẹ̀. Ẹ̀yin alákòóso, bí mo bá kú, ẹ má tíì sin mí. Ẹ kọ́kọ́ wó ògiri náà, kí ẹ sì gbé ọkọ obìnrin yìí fún un kó sin ín.